Ẹ Má Fi Owó Àpò Wé Owó Àpò: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ríra Ajílẹ̀ àti Oògùn Apakoríko

Ìwé yìí kò ní kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ́n ajílẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló bí i, ọdọọdún la sì ń rí i. Ẹni tó fẹ́ ra ajílẹ̀ á béèrè pé, "Èló ni àpò kan?" Wọ́n á pe iye méjì fún un, á sì gbé èyí tó kéré. Ohun ọ̀gbìn kì í jẹ àpò. Oúnjẹ inú àpò ló ń jẹ.

Nọ́ńbà mẹ́ta ara àpò ló ń sọ bí oúnjẹ náà ṣe pọ̀ tó: náítírójìn ló ṣáájú, fọ́síféètì tẹ̀ lé e, pọ́táàṣì ló kẹ́yìn. Ajílẹ̀ yúríà jẹ́ 46-0-0: nínú 100 kílò rẹ̀, 46 ni náítírójìn, nítorí náà àpò 50 kílò ní 23. Àpò 50 kílò ti ajílẹ̀ 15-15-15 ní náítírójìn kílò 7.5, fọ́síféètì 7.5 àti pọ́táàṣì 7.5.

Ká ní àpò yúríà jẹ́ ẹyọ owó 46, ti 15-15-15 sì jẹ́ 30. (Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀.) Ẹ fi iye kílò náítírójìn pín owó. Ẹ fi 23 pín 46, ó di 2. Ẹ fi 7.5 pín 30, ó di 4. Èyí tí ẹ pè ní ọ̀pọ̀ ti wọ́n ní ìlọ́po méjì! Oko tó ń fẹ́ náítírójìn kílò 45 á gba àpò 15-15-15 mẹ́fà: ẹyọ 180, ẹrù 300 kílò. Yúríà àpò méjì péré ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹyọ 92 ni.

Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ ra yúríà. Ẹni tí náítírójìn nìkan kù fún ni ìṣirò yẹn bá mu. Bí ilẹ̀ bá ń fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo kílò 22.5 inú àpò 15-15-15 ló wúlò. Ẹ fi 22.5 pín 30, kílò kan jẹ́ nǹkan bí ẹyọ 1.33. Yúríà kò sì ní fọ́síféètì tàbí pọ́táàṣì rárá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ilẹ̀ ń béèrè, kí ẹ tó pín ohunkóhun.

Bí ẹ bá fi ìwọ̀n pín owó, èyí tó kéré ló sàn. Bí ẹ bá fi owó pín ìwọ̀n, èyí tó pọ̀ ló sàn. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ dúró lé e.

Bákan náà ni oògùn apakoríko. Ẹ wo glyphosate, ọ̀kan lára wọn: ike kan ní 360 gíráàmù ojúlówó oògùn nínú lítà kan, òmíràn ní 480. Lítà 4 ti àkọ́kọ́ àti lítà 3 ti ìkejì, 1,440 gíráàmù ni méjèèjì. Bí lítà kan 360 bá jẹ́ ẹyọ 18, ti 480 lè tó 24 kí wọ́n tó dọ́gba. Ní ẹyọ 22, ike tó wọ́n ló dín owó kù.

Ibí yìí gan-an ló ń dùn wá. Ẹni tó ra 480 á tún wọn lítà 4, bó ṣe máa ń wọn 360. 1,920 gíráàmù ló dà sóko yẹn, èrè ìṣirò rẹ̀ sì ti ṣòfò. Ẹ ka ara ike ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra tuntun.

Bí ara ike bá ní kí ẹ po mílílítà 100 mọ́ omi lítà 10, ẹ̀rọ ìfọ́noògùn lítà 15 gba 150, ti lítà 20 gba 200. Ẹ má fi ìdérí ike wọ̀n ọ́n. Ife tí wọ́n sàmì mílílítà sí lára ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì tún fi í mu omi láé.