Bí A Ṣe Ń Wọn Ìlò Kọ̀ǹpútà Nínú Ètò Ìpèsè Ilé-Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà ní Ìbàdàn, láti Olúyọ̀lé títí dé ojú ọ̀nà Èkó, ló ti ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá wá béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe jinlẹ̀ tó nínú ètò ìpèsè wọn, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé títí ọjà fi dé ọwọ́ oníbàárà, iye ẹ̀rọ tí wọ́n rà ni wọn yóò kà fún yín. Òṣùwọ̀n yẹn kò tọ̀nà. Ohun tó yẹ kí a wọ̀n ni ìrìn àkọsílẹ̀: nígbà tí ọjà bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ ni, àbí ẹnì kan ní láti jókòó tún un kọ?

Ẹ kọ́kọ́ pààlà. Kí a fi ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ṣe àpẹẹrẹ: àgbàdo ń ti Òkè-Ògùn wá, ẹ̀wà sóyà ń ti Benue wá, fítámì ń gba èbúté Àpápà wọlé, àwọn olóko adìyẹ ló sì ń ra èyí tí a ti lọ̀ tí a sì ti pò. Ètò ìpèsè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà fún ilé-iṣẹ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọn inú ọgbà nìkan kò tíì wọ̀n ọ́n tán. Ẹ má sì fo ọjà tí oníbàárà dá padà, nítorí ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé láìní ìwé kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọ́dà 20 tó ti parí láàárín oṣù tó kọjá, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn láti ọwọ́ oníbàárà títí dé ọwọ́ ẹni tó ta àgbàdo. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá bá yín yàn wọ́n, kí ó má baà jẹ́ kìkì èyí tó lọ geere ni yóò kó fún yín. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan tí nǹkan ti pa ọwọ́ dà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ bi: Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí? Níbo ni ẹ ti rí iye tí ẹ kọ? Báwo ló ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé kí ẹ tó kọ ọ́?

Ìdáhùn wọn ni ẹ ó fi fún ojúkò ní máàkì. Òdo ni fún ohun tí a fi ẹnu sọ tí kò sí lákọsílẹ̀. 1 ni fún ìwé, bíi wéébílì (ìwé tó ń bá ẹrù rìn nínú ọkọ̀) àti káàdì sítọ́ọ̀ (èyí tí a ń kọ ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde sí). 2 ni fún ohun tó wà nínú Excel, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn ní láti tún tẹ̀ níbòmíràn. 3 ni fún èyí tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ sì rí. 4 ni fún èyí tí oníbàárà tàbí ẹni tó ń tà fún ilé-iṣẹ́ lè rí láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Fọ́tò wéébílì tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ń dà bí ohun ìgbàlódé, ṣùgbọ́n 1 ló gbà, nítorí ẹnì kan ṣì ní láti kà á kó tó tẹ iye tó wà lórí rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ lè dára lójú kó má jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, ẹ wọ sítọ́ọ̀, ẹ ka irú ẹrù 50, kí ẹ fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Bí 41 bá bá a mu, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ òótọ́. Àgbàdo ń gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń dínkù nínú sítọ́ọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ẹ ti pinnu ìyàtọ̀ tí ẹ ó gbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ iná gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀n náà. Ilé-iṣẹ́ lè ní ètò tó yẹ fún 3, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì gbé ọ́fíìsì sítọ́ọ̀, ìwé ni wọn yóò padà sí, wọn yóò sì wá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi àkókò tí a tẹ nǹkan wé àkókò tó wà lórí wéébílì. Bí iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, 2 ni ojúkò yẹn, ohun yòówù kí ẹni tó ta ètò náà fún wọn sọ.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà, èyí tí acatech, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì, gbé jáde ní 2017; ó ní ìpele mẹ́fà. Lílo kọ̀ǹpútà ni àkọ́kọ́, síso àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ ni ìkejì. Ó dára fún mímọ ohun tó kù níwájú, àmọ́ ilé-iṣẹ́ látòkèdélẹ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ètò ìpèsè nìkan.

Nínú àbọ̀ yín, ẹ má ṣe ro máàkì pọ̀ kí ẹ sì pín in. Bí rírà bá gba 1, tí sítọ́ọ̀ gba 3, tí ìfiránṣẹ́ gba 4, ìpíndọ́gba yóò bo òtítọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ iye àgbàdo tó ń bọ̀ lọ́nà. Máàkì tó kéré jù ni kí ẹ kọ sókè, pẹ̀lú orúkọ ojúkò tó ti wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ mú ọ́dà 20 mìíràn, ẹ tún béèrè ìbéèrè kan náà, kí ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ sì bá yín ka ẹrù.