Bí o bá ti lé ní 30 tí o fẹ́ padà wọ káàkí, ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mi ò fi lè sáré nítorí àṣìṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí, mo wọ búùtù mi àtijọ́, mo rọ yanrìn sínú báàgì, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo sì dọ́bù jáde nílé, ìyẹn eré sójà, bí ẹni pé sájẹ́ǹtì kan ń pariwo lẹ́yìn mi. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, ládùúgbò tí a ti ń wo Òkè Olósùnta kedere. Mo gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títì wa láìdúró, inú mi sì dùn. Ìgbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ ni ojúgun mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Kí n tó délé, mi ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún 31 ni mí. Ọmọ ọdún 19 ni mo wọ iṣẹ́ sójà, Zaria ni wọ́n ti kọ́ wa, mo sì di kọ́pùrù kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ kàwé. Mo ti gboyè báyìí, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, mo sì fẹ́ padà lọ ṣe ọ́físà nípasẹ̀ DSSC, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú àwọn tó ti kàwé jáde. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ wa bá jọra, gbọ́ mi: ohun tó máa ṣe ọ́ léṣe jù ni ìrántí bí o ṣe lágbára tó nígbà kan. Ọkàn rẹ ṣì wà ní Zaria, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ti jókòó sórí àga láti ọdún yìí wá.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń kọ́ ẹ̀kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàá rí i pé o kì í mí gúlegúle mọ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ara iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, nítorí náà ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣan máa ń gbà kó tó le, bẹ́ẹ̀ náà ni egungun. Àsìkò tí èémí ti dá ṣáṣá tí iṣan kò tíì gbó yẹn gan-an ni a máa ń fara pa, torí èémí á máa sọ fún ọ pé kí o máa lọ.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, àwọn dókítà ológun yóò wo ojú, etí, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ìpá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ní ìtọ́jú, tọ́jú rẹ̀ nílé.

Oṣù kìíní tí o bá bẹ̀rẹ̀, máa rìn ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí o rìn bí ẹni tó ń lé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ Adó. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí o wọ̀. Búùtù dúró di oṣù kẹrin. Bí o bá rí ọ̀nà erùpẹ̀, fi títì ọ̀dà sílẹ̀. Oṣù kejì, sáré ìṣẹ́jú kan, rìn ìṣẹ́jú méjì, kí o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, má sì jẹ́ kí ọjọ́ eré méjì tẹ̀ léra. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fi díẹ̀ kún eré, yọ díẹ̀ nínú ìrìn. O rántí àwọn orin tí a máa ń kọ bí a bá ń dọ́bù? Kọ ọ̀kan bí o ṣe ń sáré. Bí o kò bá lè kọ ìlà kan tán kí o tó mí, o ti ń sáré jù.

Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé mi ló dá ẹsẹ̀ mi padà fún mi. Màá fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, màá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ wà lófo. Màá nà sókè lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, màá gbé ọ̀kan kúrò, màá wá fi èyí tó kù sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ yóò fi lọ sísàlẹ̀ ju etí àtẹ̀gùn lọ. Ìyàwó mi ló ń bá mi kà á láti ìdí ààrò. Ó gbọ́dọ̀ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí n tó délẹ̀. Bí mo bá kánjú, á ní, "Bàbá Tolú, ìyẹn ò wọlé o, ẹ tún un ṣe." Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta, lálaalẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ní dà bí ohun tó ń ṣe nǹkan kan. Má dáwọ́ dúró.

Ìrora ni o gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kà. Èyí tó bá kàn wúwo káàkiri ẹran ẹsẹ̀, tí ara bá móoru tó sì lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ọ́ lórí egungun, tó sì ń le sí i bí o ṣe ń sáré, dúró lọ́jọ́ náà, kí o sì lọ rí dókítà. Egungun tó fẹ́ sán ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkìtì kò ní kí a máa wá òkè kiri, ọrọ̀ ńlá sì ni. Gígun òkè máa ń gba èémí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbá egungun. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ba orúnkún àti ojúgun jẹ́. Torí náà, sáré gòkè, rìn sọ̀ kalẹ̀. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ báàgì yanrìn yẹn ni!

Ẹrù ńkọ́? Pure water ni mò ń lò dípò yanrìn, torí ó ṣeé kà. Ìdajì lítà ni ọ̀rá kan, ìyẹn ìdajì kílò. Láti oṣù kẹrin, mo fi ọ̀rá mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrìn nìkan ni o, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ó bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bu ọ̀kan mu, ẹrù ti fúyẹ́ nìyẹn.

Ní ti press-up, gbé agolo mílíìkì kékeré sábẹ́ àyà rẹ. Bí àyà kò bá kan agolo, kò wọlé. Má ṣe é títí apá yóò fi gbọ̀n. Bí 20 bá ni agbára rẹ, ṣe mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá lálẹ́.

Oúnjẹ ló ṣòro jù fún mi. Mi ò lè fi iyán sílẹ̀, ọmọ Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n mo gbé e kúrò lálẹ́ sí ọ̀sán, mo sì dín òkèlè kù. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ló gba ipò rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé ìyàwó rẹ ò fún ọ lóúnjẹ mọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, ó ń fún mi. Iṣẹ́ ni mò ń lé." Wọ́n wo ikùn mi pẹ́, wọ́n wá bu ẹ̀fọ́ sí i fún mi.

Ìwé rẹ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ìkéde DSSC kì í gba ẹni tó bá ti ju 32 lọ, àyàfi àwọn dókítà onímọ̀ pàtàkì, nítorí náà ka ọjọ́ orí tó wà nínú ìkéde dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí o wá rà á, olè ni.

Bí mo bá lọ sí Adó, mo máa ń yà síwájú ère Adékúnlé Fájuyì, ológun ọmọ Adó. Ọdún 1943 ló wọ iṣẹ́ ológun, ó dé ipò sájẹ́ǹtì, 1954 ló tó di ọ́físà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà nísàlẹ̀. Mo máa ń ka ọdún yẹn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Eré kìlómítà 3.2 ni mo fi ń dán ara mi wò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré. Ìṣẹ́jú 22 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Sátidé tó kọjá, lóṣù kẹjọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ìṣẹ́jú 14 ni mò ń lé. Ojúgun òsì kò ta mí. Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, àtẹ̀gùn nìkan ló kù lálẹ́ òní, ìyá Tolú sì ti ń pè mí.