Ọ̀pá ìbọn oníkábọ̀n àbí onírin: bí a ṣe ń yan èyí tó bá ọdẹ wa mu

Ẹni tó bá ń gbé ní Texas, Wyoming tàbí South Dakota ní Amẹ́ríkà á mọ̀ pé ọdẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe torí ẹran jíjẹ. Coyote, ẹranko kan tó dà bí ìkookò kékeré, ń pa ọmọ àgùntàn. Prairie dog, ẹranko kékeré kan tó dà bí òkété, ń gbẹ́ ihò káàkiri pápá, ó sì ń bá màlúù du koríko. Ọta kékeré tó ń sáré gidigidi ni wọ́n fi ń yìn wọ́n: .204 Ruger, .223 Remington, .22-250 Remington. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ẹ ó yàn láàárín irin ògidì àti èyí tí wọ́n fi kábọ̀n wé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ọ̀pá oníkábọ̀n kì í ṣe kábọ̀n délẹ̀. Irin ló wà nínú rẹ̀, 416R tí kì í tètè dípẹtà ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á fá a tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá fi fọ́nrán kábọ̀n àti gọ́ọ̀mù líle wé e títí á fi ki. Inú irin yẹn náà ni ọta ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ní kábọ̀n á jẹ́ kí ọ̀pá yín pẹ́ láyé, ọjà ló ń tà: iná etù ló ń jẹ ọ̀fun ọ̀pá (ìbẹ̀rẹ̀ ihò rẹ̀, níwájú ibi tí ọta ń jókòó sí), irin kan náà ló sì ń jẹ.

1. Ẹ ka ọta yín. Ọta mélòó lẹ máa ń yìn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ọdẹ coyote á jókòó sínú igbó, á fi ẹ̀rọ ké bí ehoro tó fara pa, á yin ọta kan tàbí méjì, á sì dìde lọ síbòmíì. Ọ̀pá rẹ̀ kì í ráyè gbóná. Ọdẹ prairie dog ní tiẹ̀ á jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, ó sì lè yin ọgọ́rùn-ún méjì ọta kí oòrùn tó wọ̀. Irin tó nípọn ló bá irú èyí mu, torí ó ń gba ooru mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

Èmi fúnra mi kọ́ ọ lọ́nà líle. Ìbọn oníkábọ̀n ni mo gbé lọ sí South Dakota. Mo ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀pá náà, kò gbóná, ni mo bá ń yìn ín lọ. Nígbà tó yá, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Bàbá òyìnbó tó ni pápá náà ní kí n fọwọ́ kan irin tó yọ sẹ́nu ọ̀pá. Mo yára fa ọwọ́ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìdí agbada àkàrà. Kábọ̀n kì í tètè jẹ́ kí ooru inú dé ìta, torí náà ọwọ́ lè tanni jẹ. Irin tó bá yọ síta ni kí ẹ máa yẹ̀ wò.

2. Ẹ ka ìṣísẹ̀ yín, bí ẹ ó ṣe rìn tó. Ọ̀pá irin tó nípọn, tó gùn ní íńṣì 24, lè wọn kílò méjì àbọ̀. Oníkábọ̀n tó sanra tó o lè má ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Lórí tábìlì, ìwọ̀n yẹn èrè ni, torí ìbọn tó wúwo kì í ta pọ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ọta bọ́ sí. Lórí òkè, èjìká yín á sọ fún yín.

3. Owó. Ọ̀pá kábọ̀n kan lè gba owó irin dáadáa méjì. Ẹni tó ń lo .22-250 kí ó rò ó dáadáa: etù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí grain 35 (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn etù àti ọta), ti .223 jẹ́ nǹkan bí 25, ihò kan náà ni wọ́n sì ń gbà jáde. Ọ̀fun rẹ̀ á tètè jó. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa sun owó kábọ̀n sórí ohun tẹ́ ẹ ó tún pààrọ̀?

4. Ilà inú ọ̀pá, èyí tó ń mú ọta pòòyì bó ṣe ń jáde. Ọta .223 tàbí .22-250 tó jẹ́ grain 40 sí 55 kò fẹ́ ju kí ilà yí po lẹ́ẹ̀kan ní íńṣì 12 lọ. Èyí tó bá ju 70 lọ ń fẹ́ 8. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

5. Fífi sí ìbọn. Ẹ tú ọta kúrò, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mú há ara kábọ̀n, ibi irin nìkan ni.

Tó bá jẹ́ èmi ni, irin fún prairie dog, kábọ̀n fún coyote. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ju ẹyọ kan lọ kó ra irin.

Kí ẹ tó lọ sí pápá, ẹ lẹ bébà mọ́ pátákó ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, kí ẹ yin mẹ́wàá láìsinmi, kí ẹ sì máa sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ máa dúró sí, kí ọ̀pá fi tutù.