"Keep on": ibi tá a ti máa ń ṣì í lò

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré yìí, "keep on" (kéèyàn máa ṣe nǹkan lọ láìdáwọ́ dúró), ti kó mi sí wàhálà rí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ kó tó ṣe ẹlòmíì. Ìlú Ọba ni mo wà, iṣẹ́ tuntun ni, ọ̀gá mi obìnrin sì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi nírọ̀lẹ́ kó lè rán mi létí aago tí mo máa wọlé lọ́jọ́ kejì, inú mi ń dùn sí i gan-an, ni mo bá kọ̀wé sí i pé "You keep on reminding me every day, thank you." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kì í gbàgbé mi, kò sì sú u, kí Ọlọ́run bù kún un. Ohun tóun kà níbẹ̀ ni pé "ojoojúmọ́ lẹ ṣáà ń rán mi létí, ó ti tó." Látọjọ́ yẹn àtẹ̀jíṣẹ́ dúró, "good morning" nìkan ló kù láàárín wa, ẹlẹgbẹ́ mi kan ló wá là á yé mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Lójú tèmi, àṣìṣe tó léwu jù nìyẹn, torí gírámà ẹ̀ pé pérépéré, tíṣà kankan ò ní fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kéèyàn "keep on trying", ìṣírí ni, ẹ ń sọ pé kó má jẹ́ kó sú òun. Tẹ́ ẹ bá ń ròyìn, "it was raining but they kept on playing", kò séwu níbẹ̀, wọn ò dá bọ́ọ̀lù dúró ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tẹ́nì kan ń ṣe sí yín lẹ̀ ń sọ, "ṣáà ń" ló sábà máa ń jẹ́ létí Òyìnbó. "He keeps on calling me": ó ṣáà ń pè mí, mi ò rímú mí. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má fi "keep on" sí i rárá, "thank you for reminding me" ti tó.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "keep on try" àti "keep on to try". Mo mọ ibi tó ti wá. Nínú Yorùbá, "máa gbìyànjú" la máa sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ò yí padà lẹ́yìn "máa", nítorí náà a máa ń rò pé "keep on" náà ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tán. Rárá o. Ẹ rántí "ń" tó wà nínú "ó ṣáà ń pè mí" yẹn, tiwa ń wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, tiwọn ń wà lẹ́yìn, òun ni "-ing". Keep on trying, keep on reading, kept on walking. Ní ti "to" yẹn, ọ̀dọ̀ "continue" la ti jí i wá, torí "continue to work" dáa, "continue working" náà dáa, "keep on" ni kì í gba "to". (Tó bá sì jẹ́ àná, "kept" ni o, kò sóhun tó ń jẹ́ "keeped".)

Tó bá wá jẹ́ orúkọ nǹkan ló tẹ̀ lé e ńkọ́? Mo máa ń rí "keep on your work", "keep on your studies" lórí ayélujára. Ó ku "with": "keep on with your work." Ọ̀nà tí mo fi ń rántí ẹ̀ ni pé àwa náà kì í sọ pé "máa iṣẹ́ ẹ lọ", "máa bá iṣẹ́ ẹ lọ" la máa ń sọ, "bá" yẹn gan-an ni "with".

Ẹ má fi "on" sínú "keep quiet", ẹ má sì sọ pé "he kept on me waiting", "he kept me waiting" ni. "Keep it up" sì yàtọ̀ sí "keep it on" pátápátá o: èkíní, o ṣe dáadáa, má dẹwọ́, èkejì, má bọ́ fìlà tàbí ẹ̀wù yẹn.

Ó ku méjì tó jọra, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Òyìnbó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. "They kept on at her": wọn ò jẹ́ kó gbádùn, wọ́n ń rojọ́ sí i létí ṣáá. "They kept her on": wọn ò dá a dúró níbi iṣẹ́. Nítorí náà, tí oṣù tí wọ́n fi ń dán yín wò bá pé, tí lẹ́tà wá dé pé "we would like to keep you on", ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ míì, wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ dúró ni.