Bó O Bá Ń Lọ sí Hong Kong, Má Ṣe Báyìí

Àṣìṣe tó ń dun àwọn èèyàn wa jù kì í ṣẹlẹ̀ nínú Hong Kong fúnra rẹ̀, ibodè ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nígbà tí ìlú náà ti padà sọ́wọ́ Ṣáínà lọ́dún 1997, físà Ṣáínà ti tó. Kò tó o. Ọ̀tọ̀ ni físà Hong Kong, ọmọ Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ gbà á kó tó kúrò nílé. Ìwọ tó o wá rajà ní Guangzhou ní Ṣáínà, tó o ní kó o yà wo Hong Kong, yẹ físà Ṣáínà ọwọ́ rẹ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ ti àwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, gbàrà tó o bá ti jáde lọ sí Hong Kong, ó ti tán nìyẹn. Ẹrù á wà ní Guangzhou, olówó ẹrù á wà ní Hong Kong.

Bó o bá ti bọ́ọ́lẹ̀, má sáré kó sínú takisí. Bọ́ọ̀sì A21 ń ti pápákọ̀ òfurufú lọ sí àdúgbò Tsim Sha Tsui láàárín ìlú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti takisí. Gba káàdì Octopus tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, torí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í fúnni ní ṣéńjì. Káàdì yẹn náà lo máa fi wọ rélùwéè, tó o máa fi ra omi ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ má mu omi ọ̀hún nínú rélùwéè. Jíjẹ àti mímu jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan á ná owó gọbọi torí kí wọ́n lè wo èbúté Victoria látorí omi. Kí ló dé? Ọkọ̀ ojú omi Star Ferry ń sọdá rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó dọ́là Hong Kong 10. Bó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù, wọ̀ ọ́, wàá bá iná aláràbarà lára àwọn ilé gogoro. Ní tèmi, oúnjẹ ni mo máa fi owó tó kù jẹ.

Bí wọ́n bá sì ní kó o jókòó ti ẹni tó ò mọ̀ rí nílé oúnjẹ, má bínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Jẹun, sanwó, dìde. Àwọn míì wà lórí ìlà.

Má gun òkè Victoria Peak lọ́jọ́ tí kùrukùru bò ó, pàápàá lóṣù March àti April. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti gbójú sókè wò ó. Bó ò bá rí orí òkè, òkè náà ò ní rí ìlú fi hàn ọ́.

Ìjì ńkọ́? Nígbà ooru tiwọn, bí ìjọba bá gbé àmì ìkìlọ̀ ìjì 8 sókè, ọkọ̀ ojú omi á dúró, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á tì. Má lọ ya fọ́tò ìgbì létí omi o. Látìgbà àmì 3, tó kéré sí i, ni kó o ti lọ ra búrẹ́dì sí yàrá.