Ẹja Yín Kú, Ẹ Tún Kó Òmíràn Sínú Omi Kan Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀ ti mọ bí a ṣe ń ṣe tàǹkì àti ibi tí a ti ń ra ọmọ ẹja. Owó tí ẹ ń dà sómi ló ń dùn mí.

1. Ẹ má yáwó èlé ra oúnjẹ ẹja. Oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ yìí. Bí èlé bá tún kún un, kí ló kù?

2. Ẹ máa ya ńlá kúrò lára kékeré. Èyí tó yára dàgbà á máa gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mì, ẹ ó sì ní olè ló wọlé.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù: ẹja kú lónìí, ẹ ti kó òmíràn síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ní ẹ kì í ṣe ojo. Ta ló pè yín ní ojo? Kí ló pa ti àkọ́kọ́? Bàbá kan ní Ìkòròdú ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé, ó ti sin òkú ẹja, ó ti da omi nù, ó fọ tàǹkì bí ẹni tó ń retí ìyàwó. Ó ní ará ilé ló ṣe òun. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn, sà? Kò rántí. Oúnjẹ ńkọ́? "Ọmọ iṣẹ́ ló mọ̀." Ọmọ iṣẹ́ ní títí wọ́n á fi yó ni.

Àrọ̀ a máa mí afẹ́fẹ́ òkè, ìyẹn ló ń tàn yín. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja á ti fi ammonia, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí jáde, ba omi jẹ́, ẹ ó ṣì rò pé ara wọn le, àfi ìgbà tí wọ́n bá dúró lóòró, ẹnu sókè. Ìgbà yẹn lẹ tún ń da oúnjẹ sí i! Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, oúnjẹ, omi, iye tó kú. Ìwé tèmi ń rùn débi pé ìyàwó mi kì í jẹ́ kó wọ pálọ̀. Ìta la jọ máa ń wà, èmi àti ìwé. Inú rẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹja mi kì í kú àfi lẹ́yìn tí mo bá lọ sóde àríyá. Ọmọ tí mo fi síbẹ̀ ló ń da oúnjẹ ọjọ́ méjì pọ̀, kó lè ráyè wo bọ́ọ̀lù.

Omi ẹ̀rọ tó ń rùn oògùn ńkọ́? Ẹ má kó ẹja sí i lọ́jọ́ tí ẹ pọn ọ́n.

Ẹ má sì ta ilẹ̀ torí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Igba ọmọ ẹja tó láti fi dán omi wò. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ẹ fi ìbínú rà yẹn, ta ló rán yín?