Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná

Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí n ṣírò bí ojú ọgbẹ́ kékeré kan ṣe ń dí, wákàtí dé wákàtí. Mi ò mú ọgbẹ́ ara èèyàn, ó ti díjú jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì, ojú ibẹ̀ á wú, ẹran tuntun á hù láti ìsàlẹ̀, awọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa bò ó. Bí ara bá sì bó lóréfèé lásán, inú ihò irun pàápàá ni sẹ́ẹ̀lì awọ ti ń jáde wá, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí orúnkún ọmọdé tó bó tètè san. Ọgbẹ́ inú àwo ni mo mú. Ní láábù, wọ́n á jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bo ìsàlẹ̀ àwo pátápátá, wọ́n á fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tín-ínrín tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, fa ìlà gbọọrọ kan la àárín wọn já, wọ́n á wá máa ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń dí. Níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ti lè wá.

Ọgbẹ́ ṣíṣírò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ilé ìwòsàn tí dókítà Alexis Carrel ń darí ní Compiègne, nílẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń tẹ́ abala kan tó mọ́ gaara lé ojú ọgbẹ́ àwọn sójà, wọ́n á ya etí ọgbẹ́ náà sórí rẹ̀, wọ́n á sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ní 1916, Pierre Lecomte du Noüy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, ti inú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn gbé fọ́múlà kan jáde tó ń sọ bí ọgbẹ́ yóò ṣe máa kéré sí i láti ọjọ́ mẹ́rin dé ọjọ́ mẹ́rin. Ó rí i pé ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ọgbẹ́ ọ̀dọ́ ń yára dí ju ti àgbà lọ. Mo fẹ́ràn fọ́múlà yẹn, àmọ́ kò sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe níbẹ̀ fún wa.

Ìdọ́gba tí mo lò gbà pé nǹkan méjì péré ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe. Ó ń rìn: bí èrò ọkọ̀ tó kún ṣe ń ya sínú èyí tó ṣófo, bẹ́ẹ̀ ló ń ya síbi tí àyè wà, D la fi ń wọn ìyẹn. Ó sì ń pín sí méjì títí àyè á fi tán. Lẹ́tà r la fi ń wọn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ bí jíìnì tó ṣàǹfààní ṣe ń tàn kálẹ̀ ni R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará Bírítéènì, ń rò nígbà tó kọ ìdọ́gba náà ní 1937. Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò, àti àwọn méjì mìíràn ní Rọ́ṣíà gbé e jáde lọ́dún kan náà. Kò sẹ́ni tó ń ro ọgbẹ́ nínú wọn.

Mo ṣí Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo ka ìsàlẹ̀ àwo sí ìlà kan tó gùn tó 6000 µm (1000 µm ló wà nínú mílímítà kan), mo gé e sí àpótí 600. Mo fi 1 sínú àwọn àpótí díẹ̀ tó wà lápá òsì, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì kún ibẹ̀ dẹ́nu. Mo fi 0 sínú ìyókù. D tí mo yàn jẹ́ 500 µm² ní wákàtí kan, r sì jẹ́ 0.05, èyí tó já sí pé níbi tí àyè bá wà, sẹ́ẹ̀lì ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bíi wákàtí 14. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpótí kọ̀ọ̀kan á wo àwọn méjì tó múlé tì í, á gbà lọ́wọ́ wọn tàbí kó fún wọn, lẹ́yìn náà á fi iye tó bí kún un. Kóòdù rẹ̀ kò gùn rárá.

Ibi tó gba ìṣọ́ra ni gígùn ìgbésẹ̀. Fífẹ̀ àpótí jẹ́ 10. 10 lọ́nà 10, kí o fi ìlọ́po méjì D pín in, ó di 0.1 wákàtí. Tí ìgbésẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, kọ̀ǹpútà á sì máa sọ pé sẹ́ẹ̀lì kò tó òdo níbì kan. Mo lo 0.02 kí n lè ráyè gbé D sókè.

Ibi tí iye náà ti jẹ́ 0.5 ni mo pè ní etí ọgbẹ́. Ìṣirò orí ìwé ní eré etí yìí á jẹ́ 2√(D×r), ìyẹn 10 µm ní wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà kò fún mi ní 10 lójú ẹsẹ̀. Ó falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń yára bọ̀. Nígbà tó fi di wákàtí 400, díẹ̀ ló kù kó pé. Mo sọ D di 2000, ìlọ́po mẹ́rin gbáko, eré náà kò ju ìlọ́po méjì lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ D di 1000, mo gé r sí 0.025. D×r kò yí padà, torí náà eré etí ọgbẹ́ ṣì ń lọ sí 10. Sẹ́ẹ̀lì alárìnká tó ń lọ́ra bí, àti èyí tí kì í rìn jìnnà àmọ́ tó ń bí wéréwéré, eré kan náà ni wọ́n fi ń dí ọgbẹ́. Ẹni tó bá ń wo etí nìkan kò lè mọ èwo nìyí. Ìrísí iwájú wọn ló ń tú àṣírí: láti ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kún dé 0.9 títí dé ibi tó ti ku 0.1, ti èyí tí kì í rìn jìnnà (D 500) gùn tó 800 sí 900 µm, ti alárìnká (D 1000) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Abájọ tí àwọn onílàábù kan fi ń lo mitomycin C, oògùn tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, kó lè jẹ́ rírìn nìkan ni wọ́n ń wọ̀n.

Ẹ tún wo 900 yẹn dáadáa. Ìlà tí pípẹ́ẹ̀tì ń fà kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀tún àti tòsì á ti kan ara wọn kí eré wọn tó dúró sójú kan. Bí mo bá rí ẹni tó gbé 2√(D×r) lé irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan mìíràn, mo máa ń fura.

Mo fi gíráàfù náà han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, ọgbẹ́ kò ṣàjèjì sí i. Ó wò ó títí, ó ní, "Tìẹ ò tiẹ̀ sinmi? Ọgbẹ́ tí mò ń wẹ̀, lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ o ò ní rí i pé ó kéré."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tó kù gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn."

Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, J. A. Sherratt àti J. D. Murray, ti dé ibẹ̀ ní 1990. Wọ́n fi ìṣirò wé ìwọ̀n ọgbẹ́ etí ehoro, èyí tó ń falẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ kó tó wá máa dí ní eré kan náà, wọ́n sì rí i pé rírìn àti pípín lásán kò bá a mu tó. Wọ́n fi ìdọ́gba kejì kún un, ti kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ń tú jáde, tó ń mú pípín wọn yára tàbí kó fà á sẹ́yìn. Èmi náà ti fi tèmi kún un. Kẹ́míkà ń tàn ju sẹ́ẹ̀lì lọ fíìfíì, ìgbésẹ̀ 0.02 ò lè gbé D rẹ̀, torí náà mo fi í sí ọ̀nà ìṣirò mìíràn tó ń yanjú gbogbo àpótí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lórí ti tẹ́lẹ̀.